Pókà, irin gbígbé àti ìbejì: ohun tí ẹ̀yìn ríro kọ́ mi l'Àkúrẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta o. Ó ti tó èèyàn mẹ́rin àbí márùn-ún tó ti bi mí pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é, pé mò ń ta pókà, eré káàdì tí wọ́n ń fi owó ta, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tún ń lọ sí jíìmù, mo tún níṣẹ́ lọ́wọ́, mo tún ní ìyàwó àtàwọn ìbejì ọmọ ọdún méjì nílé. Ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn kì í kún tó torí ọ̀rọ̀ yẹn gùn, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó lónìí láti kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, pàápàá ibi tí mo ti ṣìṣe.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi sólà àti inverter sílé fún èèyàn. Ẹni tó bá ti gbé bátìrì inverter ńlá rí, àwọn tubular 220Ah yẹn, á mọ̀ pé kì í ṣe ẹrù ọmọdé, ẹyọ kan lé ní kìlò 50, a sì lè gbé mẹ́rin gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Torí ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ irin gbígbé, kì í ṣe torí fọ́tò. Pókà ní tiẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ṣe FUTA ló fi mọ̀ mí, òun ló sọ ìtàn Chris Moneymaker fún mi, akáùńtáǹtì ará Amẹ́ríkà tó fi owó tí ò tó 100 dọ́là wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó wá gba World Series of Poker, ìdíje pókà tó lókìkí jù, lọ́dún 2003, tí wọ́n kó mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ dọ́là fún un. Mo gbé ìtàn yẹn mì gbáú. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó wá mọ̀ pé èèyàn 839 ló jókòó síbẹ̀ lọ́dún yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló gbà á.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí alẹ́ Sọ́ńdè kan. Àwọn tọ́nàmẹ́ǹtì tí owó ńlá wà níbẹ̀, Sọ́ńdè ni wọ́n sábà máa ń wà, aago àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì ni wọ́n fi ṣètò ẹ̀, kó tó parí níbí, aago mẹ́ta òru ti lù. Ilé tiwa kì í ṣókùnkùn torí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni iná, iná tí kì í lọ yẹn wá di ìdẹkùn fún mi, kò sí ohun tó máa sọ fún mi pé ó tó. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó ku èèyàn mẹ́rìnlá, wọ́n wá fún mi ní Ace méjì, káàdì méjì tó dáa jù téèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 ni wọ́n máa ń fún èèyàn ní Ace méjì o. Mo raise, ìyẹn ni pé mo fi owó kún un, ẹnì kan kó gbogbo tiẹ̀ lé e, mo call, ìyẹn ni pé mo san iye tó fi sí i, ó ṣí i, King méjì ni. Tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nígbà 100, Ace máa jẹ ẹ́ tó ìgbà 82. King kẹta jáde lórí river, ìyẹn káàdì tí wọ́n ń ṣí sílẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo ń wò ó lójú fóònù, ọwọ́ mi tutù.

Ká ní mo pa fóònù yẹn mi ò bá má kọ ohun tí mò ń kọ yìí. Mi ò pa á. Inú ń bí mi, mo bọ́ sórí tábìlì owó tó ju agbára mi lọ, mo ní mo fẹ́ gba owó mi padà, àwọn onípókà máa ń pè é ní tilt, èmi ò mọ̀ pé òun ló ń ṣe mí, mo rò pé mo ṣì ń ronú. Nígbà tí wọ́n fi pe ìrun àárọ̀, dọ́là 64 ti lọ nínú 150 tí mo ní.

Mi ò sùn. Aago mẹ́fà àárọ̀ mo gba jíìmù lọ. Jíìmù tiwa, ẹ̀yìnkùlé bàbá kan ni lọ́nà Ìjọ̀kà, sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Páànù ni wọ́n fi bo orí ẹ̀, irin ojúlówó inú ẹ̀ ò pọ̀, ìyókù, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n dà sínú ike, wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ kìlò ẹ̀ sí i lára. Bàbá wo ojú mi, wọ́n ní, "Ṣé o sùn?" Mo ní, "Mo sùn sà." Wọ́n ní ó dáa.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti gbé kìlò 110 nínú deadlift, irin tí wọ́n ń gbé látilẹ̀ títí tí wọ́n á fi nàró, lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo wá fi márùn-ún lé e. Àkọ́kọ́ lọ, ìkejì lọ, ìkẹta, nǹkan kan fà pàó nísàlẹ̀ ẹ̀yìn mi lápá òsì, irin bọ́ sílẹ̀, eruku sọ. Mo dúró bẹ́ẹ̀, mi ò lè nàró, mi ò lè tẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ìyàwó mi ló ń bá mi so okùn bàtà. Iṣẹ́ kan wà l'Álágbàkà lọ́sẹ̀ yẹn, bátìrì mẹ́jọ, ẹlòmíì ló ṣe é torí mi ò lè gbé nǹkan kan, owó tó yẹ kó kàn mí níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà. Ẹ fi owó oògùn síbẹ̀, ẹ fi 64 yẹn síbẹ̀.

Ìgbà tí mo dùbúlẹ̀ yẹn ni mo ronú jinlẹ̀. Mo ti máa ń rò pé àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fi ń ṣe é, àpò pókà lọ́tọ̀, ti jíìmù lọ́tọ̀, ti iṣẹ́ àti ilé lọ́tọ̀, tí ọ̀kan bá gbẹ mo ṣì ní méjì. Irọ́ ni. Àpò kan náà ni mò ń ti ọwọ́ bọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, oorun ló sì ń rọ nǹkan sínú ẹ̀. Owó tí mo pàdánù láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún àti ẹ̀yìn tó ṣẹ́ mi laago mẹ́fà, ohun kan náà ló fà á. Mi ò kí ń ṣe ẹni tí ò mọ pókà, mi ò kí ń ṣe ẹni tí ò mọ irin gbé, mi ò sùn ni.

Nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí mo yí padà kò kan káàdì rárá. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mò ń sùn báyìí, aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni mò ń jí, ó kéré tán wákàtí méje. Gbogbo tọ́nàmẹ́ǹtì tó bá máa kọjá aago mẹ́wàá, mo fi sílẹ̀, títí kan àwọn ti Sọ́ńdè tó dùn ún wò yẹn. Ó dùn mí o, mi ò ní parọ́, torí ibẹ̀ ni owó ńlá wà. Àwọn kéékèèké tí èèyàn mẹ́sàn-án péré ń jókòó sí ni mò ń ta, kì í sábà ju wákàtí kan lọ, mo máa ń ta á lọ́sàn-án Sátidé àti Sọ́ńdè nígbà táwọn ọmọ bá ń sùn.

Ìgbà tí ẹ̀yìn mi jiná, Bàbá ní kí n bẹ̀rẹ̀ látorí irin lásán, kìlò 20, kò sí nǹkan kan létí ẹ̀. Ojú tì mí torí àwọn ọmọ FUTA ń gbé 80 lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní tí mo bá gbé e dáadáa lẹ́ẹ̀marùn-ún ní ìpele mẹ́ta, kí n fi 2.5 kún un nígbà tó tún kàn, tí mi ò bá gbé e dáadáa kí n má fi kún un. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀ mo ti kọjá 110 yẹn, ẹ̀yìn ò sì ro mí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa rèé, torí òun ló ran pókà mi lọ́wọ́ jù. Irin kì í parọ́. Tó o bá gbé 60 lónìí, 60 lo gbé, kò sẹ́ni tó máa jí i gbé lọ́wọ́ ẹ lórí river. Káàdì máa ń parọ́, tó bá ti jẹ́ fún ìgbà kúkurú. O lè ṣe ohun tó tọ́ fún oṣù kan gbáko kó máa fìyà jẹ ẹ́, o sì lè ṣe ohun tí ò mọ́gbọ́n dání kó máa rọ owó sí ẹ lọ́wọ́. Èmi tẹ́lẹ̀, owó tó wọlé ni mo fi ń mọ̀ bóyá mo ta á dáadáa. Ní jíìmù a máa ń kọ ọ́ sínú ìwé, kìlò mélòó, ẹ̀ẹ̀mélòó, mo wá ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀ fún káàdì náà. Mo ra ìwé ogójì ewé kan l'Ọ́jà Ọba, iwájú ẹ̀ fún irin, ẹ̀yìn ẹ̀ fún pókà. Mi ò kọ iye tí mo jẹ. Ohun tí mo ṣe ni mò ń kọ, àti ìdí tí mo fi ṣe é.

Ẹ wo ewé kan níbẹ̀. Mo ní hearts méjì lọ́wọ́, àwọn káàdì tó ní àwòrán ọkàn pupa, hearts méjì wà nílẹ̀, tí mo bá rí ẹyọ kan sí i tó fi pé márùn-ún, ọwọ́ mi á lágbára gan-an, káàdì kẹrin ti jáde kò ràn mí lọ́wọ́, ó ku ẹyọ kan. Dọ́là mẹ́rin wà nínú pot, ìyẹn owó tá a jọ ń du, ẹni iwájú mi fi méjì sí i, ó di mẹ́fà. Tí mo bá fẹ́ rí káàdì tó kù, èmi náà á fi méjì sí i, gbogbo ẹ̀ á di mẹ́jọ. Méjì nínú mẹ́jọ, ìyẹn ni pé ó yẹ kí n máa jẹ ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin kówó mi má bàa ṣòfò. Hearts 13 ló wà, mo ti rí mẹ́rin, ó ku 9. Káàdì tí mi ò tíì rí jẹ́ 46. 9 nínú 46, kò tiẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. Kí n dà á nù ni, àyàfi tó bá dá mi lójú pé tí heart bá jáde ẹni yẹn ṣì máa san owó gidi kún un fún mi. Ọdún kan ni mo fi ń call irú ẹ̀, nígbà míì heart á jáde, inú mi á dùn, mo rò pé mo gbọ́n. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, mo rí i lẹ́ẹ̀mọkàndínlógún láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibẹ̀ ni owó mi ń gbà jò, mi ò mọ̀.

Torí ẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú lálẹ́ Mọ́ńdè, Ọjọ́rú àti Fráìdè, mi ò ta pókà rárá, mò ń ka ìwé yẹn ni, mò ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé àwọn ń kọ́ pókà, wọ́n ń ta á ni, wọn ò kọ́ ọ.

Oúnjẹ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń gbé irin kó máa jẹ purotéènì bíi gíráàmù 1.6 fún kìlò ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, kìlò 72 ni mí, ó ń lọ sí 115. Ẹyin kan ní bíi mẹ́fà. Ẹyin mẹ́rin láàárọ̀, ẹ̀wà lọ́sàn-án, ẹja lálẹ́, mo bá a débẹ̀ tàbí kó kù díẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gba iyán lọ́wọ́ ọmọ Àkúrẹ́, ọjọ́ tí mo bá squat, tí mo gbé irin léjìká tí mo ń lóṣòó tí mo ń dìde, ni mo máa ń jẹ tèmi.

Ilé ló ṣòro jù. Ìyàwó mi ò bínú sí pókà fúnra ẹ̀, ohun tó bí i nínú ni pé mo wà nínú ilé, mi ò sí níbẹ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá Ìbejì, Táyé ń pè yín láti àárọ̀, fóònù lẹ ń dá lóhùn." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Látìgbà yẹn fóònù pókà kì í wọ yàrá, ó ń gbé nínú dúrọ́ọ̀ pálọ̀. Ìyá Ìbejì mọ iye tó wà nínú owó pókà, ó mọ ibi tí ìwé wà, ó lè ṣí i nígbà tó bá wù ú. Tí ọmọ bá ń gbóná, tọ́nàmẹ́ǹtì tí mo ti sanwó ẹ̀ pàápàá, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ forí jì mí, mo máa sọ eléyìí le díẹ̀. Pókà, owó ni wọ́n fi ń ta á, ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa náà máa ń pàdánù fún oṣù púpọ̀. Ẹ má fi owó ilé-ìwé, owó ilé, owó oúnjẹ ta á láé. Èmi, tí mo bá ní 150 dọ́là, dọ́là kan àtààbọ̀ ni tọ́nàmẹ́ǹtì tó tóbi jù tí mo lè wọ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá dín, mo sọ̀ kalẹ̀ sí kékeré. Mi ò yá owó kún un. Tẹ́ ẹ bá ń yá owó kún un, tàbí tẹ́ ẹ bá ń fi pamọ́ fún ará ilé yín, ẹ dúró lónìí, kẹ́ ẹ sọ fún ẹnì kan.

Àwọn kan ń sọ fún mi pé ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo. Bóyá. Mo ti dín ìkejì kù gan-an, mi ò sì lé e lóru mọ́. Owó pókà tèmi ti padà sí 150, ó sì ti kọjá ẹ̀ díẹ̀, ó gba oṣù mẹ́jọ.

Mọ́ńdè tó kọjá mo dé jíìmù kó tó di aago mẹ́fà, ìrì ṣì wà lórí páànù. Bàbá ń fi àkísà nu irin. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ṣé o sùn?" Mo ní, "Mo sùn sà." Wọ́n tún wò ó díẹ̀ sí i, wọ́n wá ní kí n fi 2.5 kún un.