Bí mo ṣe fi clay bar gba pẹ́ńtì mọ́tò bàbá mi sílẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo bá wá lónìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò tó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín, tẹ́ ẹ ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bà á jẹ́ fún yín, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Nínú oṣù January, ìgbà tí ọyẹ́ mú gan-an, àwọn tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Kubwa gbé géètì wọn síta wọ́n ń fọ́n ọ̀dà sí i, ọ̀dà sílífà, mi ò sí nílé, ibi iṣẹ́ ni mo wà, mọ́tò mi sì wà nínú kọ́ḿpáǹdì, ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí atẹ́gùn ọyẹ́ ṣe máa ń fẹ́. Nígbà tí mo dé lálẹ́ mi ò rí nǹkan kan torí eruku ti bo gbogbo ẹ̀. Ìgbà tí mo fọ̀ ọ́ tán ní Sátidé ni mo tó fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì, ló bá ń ha mí lọ́wọ́ bíi sáńpépà. Mo wò ó dáadáa, mo rí i tó ń tàn wínníwínní bí ìgbà tí wọ́n bá bu iyọ̀ wọ́n nǹkan. Mo tún un fọ̀. Bákan náà ló rí.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mọ́tò bàbá mi ni, Camry 2005, Big Daddy tí gbogbo yín mọ̀, àwọ̀ wáìnì. Bàbá ló fà á lé mi lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ gbé mi kúrò n'Ílọrin wá s'Ábújá. Pẹ́ńtì tí wọ́n fi kùn ún ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é náà ló ṣì wà lára ẹ̀ títí dòní, kò sẹ́ni tó tún un kùn rí, ìyẹn sì ni nǹkan tí bàbá mi fi ń yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Tá a bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí wọ́n bá ti béèrè ọmọ tán, "ọkọ̀ ńkọ́?" ló kàn.

Pẹ́ńtà kan tí mo gbé e lọ bá ò wò ó tó ìṣẹ́jú méjì tó fi ní ká ha gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ká tún un fọ́n. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ìsàlẹ̀ ní tiwọn sọ pé, "Ìyá Tómi, ra tínà, rẹ aṣọ sí i, kó o fi nù ún, á lọ." Mo ní ẹ ṣé sà, àmọ́ ẹ̀rù tínà bà mí torí ó lè jẹ kílíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán tí wọ́n fi bo orí pẹ́ńtì, kí ojú pẹ́ńtì wá ṣú, nǹkan tí mò ń wá ọ̀nà láti dá sí ni màá wá fọwọ́ ara mi pa.

Àbúrò mi kan tó ń fọ mọ́tò olówó ní Gwarinpa ló ní, "Àǹtí mi, ẹ ò tíì gbọ́ nípa clay bar ni?" Mi ò gbọ́ rí lóòótọ́. Clay lorúkọ ẹ̀ àmọ́ kì í ṣe amọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń mọ ìkòkò ní Dada n'Ílọrin o, nǹkan tí wọ́n pò pọ̀ bíi rọ́bà rírọ̀ ni, wọ́n wá po lẹ́búlẹ́bú kan tó kúnná gan-an mọ́ ọn tó ń ha nǹkan díẹ̀díẹ̀. Japan ló ti wá, Tadao Kodate tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ gba pátẹ́ǹtì ẹ̀ l'Ámẹ́ríkà ní 1995. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le: tẹ́ ẹ bá ti jẹ́ kí ara mọ́tò máa yọ̀, clay á máa sáré lórí ẹ̀, ohunkóhun tó bá lẹ̀ mọ́ pẹ́ńtì tó yọrí síta, ọ̀dà ni o, oje igi ni o, eruku irin láti bíréèkì ni o, á gé e kúrò á sì gbé e mì sínú ara ẹ̀. Ìlà tó ti wọnú pẹ́ńtì ò kàn án, kò lè yọ ìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti tẹ́tí sí mi rèé o. Eruku ọyẹ́ kọ́ ni clay wà fún. Eruku tó ń ti Bodélé ní Chad fẹ́ wá bá wa yẹn, omi ń gbé e lọ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé clay lé e lórí láìfọ̀ ọ́, yanrìn yẹn lẹ máa wọ́ káàkiri ara mọ́tò yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi aṣọ gbígbẹ nu mọ́tò láàárọ̀ ọyẹ́ kẹ́ ẹ tó lọ síbi iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, àwọn ìlà róbótó tẹ́ ẹ máa ń rí tí oòrùn bá kàn án, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá.

Mo ra omi kẹ́ẹ̀gì 4 lọ́wọ́ mẹ́rúwà lọ́jọ́ Sátidé, aago 7 ò tíì lù. Mo kọ́kọ́ da omi lé e lásán kí eruku ṣàn lọ, mo wá fi ṣámpù mọ́tò fọ̀ ọ́, kì í ṣe ọṣẹ oníyẹ̀fun. Nígbà tí mo ṣe é tán mo ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá búrẹ́dì, ọ̀rá fẹ́lẹ́ yẹn, mo fi pa orí mọ́tò. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ọ̀rá yẹn máa ń jẹ́ kí ìka gbọ́ nǹkan tí ọwọ́ lásán ò gbọ́, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tí mo rò pé ó mọ́, kò mọ́ rárá.

Òtútù ti mú clay yẹn le gbagidi, mo ní láti rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó tó rọ̀. Mo gé e, mo tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ bí àkàrà kékeré, mo da omi tí mo po ṣámpù díẹ̀ mọ́ sínú ike tó ń fọ́n omi, mo fọ́n ọn sára bọ́nẹ́ẹ̀tì dáadáa kó máa yọ̀, mo wá ń fi ìka mẹ́ta tì í lọ tì í bọ̀ lórí ìlà tààrà, mi ò yí i po, mi ò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ó ń dún ṣàràrà lábẹ́ ọwọ́ mi, ó ń fà. Ó ṣe díẹ̀, ìró yẹn ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ó dákẹ́, clay kàn ń yọ̀ lọ ni. Mo yí i dé. Ojú ẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ ti di sílífà, ọ̀dà géètì wọn ni! Mo pariwo pe ọmọ mi kó wá wò ó.

Àbúrò mi ti ní kí n máa ṣe ibi tó tó 60cm níbùú lóòró lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ọyẹ́ ò gbà, kíá ni omi ọṣẹ ń gbẹ, ni mo bá gé e sí ìdajì. Tó bá ti gbẹ clay á lẹ̀ mọ́ pẹ́ńtì, ẹ tètè fọ́n omi sí i. Tí clay bá dọ̀tí ẹ pò ó kí ojú tó mọ́ yọ síta. Ẹyọ kan já bọ́ lọ́wọ́ mi sórí íńtálọ́ọ̀kù, ó dùn mí àmọ́ mo jù ú nù ni, torí òkúta wẹ́wẹ́ tó bá ti há sínú ẹ̀ á fa ìlà gbọọrọ lára mọ́tò. Gíláàsì náà ń gbà á o, ọ̀dà ara gíláàsì iwájú kúrò pátá. Rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nìkan ló ṣì ní sílífà díẹ̀díẹ̀ lára.

Wákàtí mẹ́rin gbáko, apá ro mí. Clay máa ń kó wax ara mọ́tò, ìyẹn ìda tí wọ́n fi ń kun pẹ́ńtì kó lè máa dán, lọ mọ́ ìdọ̀tí, nítorí náà mo fi wax tuntun kùn ún lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ya fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ s'Ílọrin, bàbá pè, wọ́n ní ṣé wọn ò fọ́n ọn ṣá? Mo ní rárá sà, pẹ́ńtì yín náà ni.

Ẹ̀gbọ́n ìsàlẹ̀ jáde wá nígbà tí mò ń kó korobá. Corolla tiwọn funfun, wọ́n ní ọ̀dà ò kan tàwọn. Mo na ọ̀rá búrẹ́dì sí wọn. Wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n fi pa bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un pa, wọ́n wá wojú mi.

"Ìyá Tómi, ìgbà wo lo máa ráàyè?"