Iná Dáṣíbọọ̀dù Tó Ń Tàn, Tó Ń Kú: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Iṣẹ́ Ríwáyà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ríwáyà, iná tó bá tàn lórí dáṣíbọọ̀dù tí kò kú mọ́ kì í fún wa ní wàhálà púpọ̀. Èyí tó ń dààmú èèyàn ni èyí tó tàn lálẹ́ àná lójú ọ̀nà, tí oníbàárà gbé wá láàárọ̀, tí ọkọ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù tán, tí gbogbo iná ti kú. Ara tòkunbọ̀ ló pọ̀ sí. Wáyà ibẹ̀ ti gbó, ọwọ́ tó sì ti tú u, tó tún un so, kó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa kò lóǹkà.

Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé ìgbà tí iná ń tàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí. Ẹ má tíì fọwọ́ kan máṣíìnì tó ń ka àìsàn ọkọ̀. Ẹ jókòó ti ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà, kẹ́ ẹ bi í: Ṣé ìgbà tí ẹ bá ń yà ní kọ́nà ni? Ṣé òjò ti rọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀? Ṣé ẹ tan AC? Ṣé ẹ́ńjìnnì ti gbóná, àbí òwúrọ̀ kùtù ni? Ṣé ẹnì kan jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín? Àwọn mìíràn á ní, "Ẹ sáà fi máṣíìnì yẹ̀ ẹ́ wò." Ẹ rọra bẹ̀ wọ́n, kẹ́ ẹ tún un béèrè, nítorí máṣíìnì kò sí níbẹ̀ nígbà tó tàn.

Màmá kan gbé ọkọ̀ wá nítorí iná bíréèkì pupa. Àwọn tó kọ́kọ́ yẹ ọkọ̀ náà wò ti pààrọ̀ súìṣì hándíbíréèkì, wọ́n sì ti ní kí màmá lọ wá owó kọ̀ǹpútà ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì lójijì. Nígbà tí mo béèrè, màmá ní, "Bí mo bá ti ń yí rándábáòtù ló ń tàn. Bí mo bá ti jáde níbẹ̀, ó ti kú nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn ti tó. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, omi bíréèkì ti wálẹ̀ dé ìlà MIN gan-an. Bí ọkọ̀ bá ń yí, omi á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú agolo rẹ̀, ohun tó ń léfòó lójú omi náà á rì wálẹ̀, iná á tàn. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn bu omi kún un kẹ́ ẹ gbowó. Bí páàdì ṣe ń jẹ ni písítìnì ń jáde, omi á sì máa tẹ̀ lé e lọ. A tú táyà, páàdì iwájú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin. Ká ní páàdì ṣì nípọn ni, ibi tí omi ti ń jò là bá máa wá.

Lẹ́yìn ìbéèrè ló kan máṣíìnì. Gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú OBD-II oníhò 16, níbi tí à ń ki máṣíìnì bọ̀, lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má pa kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àìsàn tí máṣíìnì bá kà, rẹ́ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Freeze frame wà lẹ́yìn kóòdù náà: eré tí ọkọ̀ ń sá, bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, bó ṣe ń yí tó, lásìkò tí kóòdù wọlé. Bí ẹ bá tẹ clear, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ọ̀pọ̀ àìsàn ẹ́ńjìnnì ló jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ hàn ní ìrìn méjì kí iná Check Engine tó tàn. Ní ìrìn àkọ́kọ́, pending ló máa wà: kóòdù ti wọlé, iná kò tíì tàn. Bí kò bá sì tún hàn ní ìrìn mẹ́ta léraléra, kọ̀ǹpútà á pa iná náà fúnra rẹ̀, kóòdù á ṣì wà níkùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Iná lè kú kí àìsàn ṣì wà níbẹ̀. Máṣíìnì kékeré olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń ka ti ẹ́ńjìnnì nìkan. Ti ABS àti ti ẹ́ẹ̀bágì ń fẹ́ èyí tó jù ú lọ.

Kóòdù kì í sì í rán yín lọ ra páàtì ní Ládípọ̀. Ohun tí P0171 ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Kò ní kẹ́ ẹ lọ ra oxygen sensor, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú èéfín. Rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ bọ̀ láti ilé fíltà lè ti sán, kó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá mì nìkan ni ojú rẹ̀ ń là.

Bí iná mẹ́ta bá jọ tàn pa pọ̀, ABS, sìtíárì àti Check Engine, ẹ fi sẹ́ńsọ̀ sílẹ̀, ìdí bátìrì àti ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó so negative bátìrì mọ́ irin ọkọ̀, ni kẹ́ ẹ lọ. Bátìrì tó kún tó sì ti sinmi á wà ní nǹkan bíi 12.6V. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ retí nǹkan bíi 13.5V sí 14.7V lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan sórí negative bátìrì, ẹ fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan máa sítáàtì ọkọ̀. Bí mítà bá ń sún mọ́ 0.5V, ẹ́ẹ̀tì yẹn kò dáa. Ọkọ̀ kan wá tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tan hẹ́díláìtì lálẹ́ ni gbogbo iná rẹ̀ ń yọjú. Ó ti forí gbá nǹkan rí, wọ́n ti nà án, wọ́n ti kùn ún. Mo tú bóòtù ẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn hẹ́díláìtì òsì, ọ̀dà ló ń dán lábẹ́ rẹ̀. Ojú irin tó yẹ kó mọ́ ni wọ́n fín ọ̀dà sí kí wọ́n tó de bóòtù padà. Etí bóòtù nìkan ni iná ń rí gbà. A fi sáńpépà họ ọ́ títí irin fi funfun, a dè é, a fi gíríìsì bo òkè rẹ̀ kí omi má wọ̀ ọ́.

Ti ABS, ẹ ṣí live data, ohun tí máṣíìnì ń kà lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ẹnì kan máa wakọ̀ kí ẹ̀yin máa wo eré táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá já sí òdo nígbà tí mẹ́ta yòókù ń sáré ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ mi wáyà rẹ̀ láti ìdí táyà dé ibi tó gbà wọnú ara ọkọ̀, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀kì, níbi tó ti ń ká tó ń nà. Ẹ tú kọnẹ́tọ̀, ẹ wò ó bóyá ó ti dípẹtà. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bíárìn, ẹ béèrè: àwọn mìíràn ní ojú mágínẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n bá sì dorí rẹ̀ kodò, sẹ́ńsọ̀ kò ní rí nǹkan kan kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún wáyà láti wọ̀n ọ́n. Omi òjò á gba ojú ihò yẹn wọlé.

Iná ẹ́ẹ̀bágì tó ń tàn nígbà tí wọ́n bá sún àga, ẹ kọ́kọ́ wo kọnẹ́tọ̀ yẹ́lò abẹ́ àga. Ẹ má fi mítà tàbí tẹ́sítà onígílóòbù kan àpò ẹ́ẹ̀bágì fúnra rẹ̀ láéláé, ó lè bú. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ tú negative bátìrì, kẹ́ ẹ sì dúró. Toyota ní kó tó ìṣẹ́jú-àáyá 90, ó kéré tán. Bí oníbàárà bá ń kánjú, ẹ jẹ́ kó máa kánjú. Ẹ̀mí yín jẹ mí lógún.

Iná ọ́ìlì pupa kò sí lára ohun tí à ń wà kiri ká máa wò. Ẹ ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ wọn ọ́ìlì. Check Engine tó bá sì ń ṣẹ́jú, kí wọ́n dẹwọ́ eré: epo kan kò jó nínú ẹ́ńjìnnì, catalyst tó ń fọ èéfín mọ́ ló sì máa bá a lọ.

Bí ẹnì kan bá mú yín dání lọ ra tòkunbọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ON, ẹ má tíì sítáàtì. Check Engine, ọ́ìlì, bátìrì, ABS, ẹ́ẹ̀bágì, gbogbo wọn ló yẹ kó kọ́kọ́ tàn. Èyí tí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kí wọ́n ti fi nǹkan lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ wá ki máṣíìnì bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wo readiness, ìyẹn bóyá kọ̀ǹpútà ti yẹ ọkọ̀ wò tán. Bí ọ̀pọ̀ níbẹ̀ bá wà ní not ready, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ ni tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bátìrì. Kí oníbàárà yín má tíì kówó sílẹ̀. Kí wọ́n jọ wà á lọ wà á bọ̀, kẹ́ ẹ tún ki máṣíìnì bọ̀ ọ́.