Ẹ̀rín gbé mi nídìí àṣàrò

Láàárọ̀ yìí, mo jókòó ṣe àṣàrò bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo dijú, mo nà ró ṣánṣán, mo ń ka èémí mi láti orí ení dé ẹ̀wá. Ení, èjì, ẹ̀ta... Kí n tó mọ̀, mo ti kà á dé 23!

Tẹ́lẹ̀, màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi wí, bíi tíṣà tó ká ọmọ tó ń sùn mọ́ kíláàsì. Àmọ́ inú mi ló kọ́kọ́ fèsì lónìí. Ó kùn "gbùrùùù", ó sì fà á gùn bí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ pàtàkì. Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ti fún èjìká mi sókè látìgbà tí mo ti jókòó, torí ṣe ló rọ̀ wọ̀ọ̀.

Mo bá sọ ìyókù di eré. Bí ọkàn mi bá sá lọ, tó sì padà dé, màá ní, "Káàbọ̀, o kú ìrìn," màá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ó sá lọ gan-an o, n ò kà á. Nígbà tí aago dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ó ṣe mí bíi kí n má dìde. Èmi tí mo máa ń fi ojú kan yọjú wo aago!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ̀rín ti gbé ẹ̀yin náà rí níbi tó yẹ kí ẹ ti dákẹ́ jẹ́ẹ́?