Lẹ́tà ńlá kan ṣoṣo

Lánàá, mo gbé sáìtì mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì tán, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọ̀rẹ́ mi fi pè mí: "Àwòrán tó wà lókè pátápátá kò jáde o. 404 ni mo ń rí." Mo ní irọ́ ni. Ó kúkú ń hàn kedere lórí kọ̀ǹpútà tèmi!

Mo wá a títí ojú fi ń ta mí. Àṣé orúkọ fáìlì ni. Akori.jpg ni mo sọ àwòrán náà, akori.jpg ni mo kọ sínú kóòdù. Mac mi ò ka ìyàtọ̀ yẹn sí, ṣùgbọ́n lójú Linux, ètò tó ń darí sáfà (kọ̀ǹpútà tó gbé sáìtì náà dání), fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Mo yí orúkọ padà, Git, ètò tó ń tọ́pa àyípadà inú fáìlì, tún ní òun ò rí àyípadà kankan! Ìgbà tí mo lo git mv, àṣẹ rẹ̀ fún yíyí orúkọ fáìlì padà, ló tó gbọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé Prettier, ètò tó ń tún ìrísí kóòdù ṣe, ni mo gbójú lé. Ó ń to àlàfo, ó ń to àmì, kóòdù mi ń dán gbinrin. Orúkọ fáìlì kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Mo wo fọ́dà náà: fáìlì 37, ọ̀nà ìsọlórúkọ mẹ́rin, bí ẹni pé èèyàn mẹ́rin ló kọ ọ́. Èmi nìkan mà ni o! Mo sọ gbogbo wọn di lẹ́tà kékeré, aago méjì òru ni mo tó sùn.