Ojú Obìnrin Lára Ògiri Ọ̀ṣogbo

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àlájà, ìyá mi, bi mí kí n tó kúrò n'Íbàdàn: "Ṣé inú igbó Ọ̀ṣun yẹn náà lo fẹ́ wọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ògiri ni mo fẹ́ lọ wò. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ṣàdúà sí mi lórí, wọ́n sì fún mi lówó ọkọ̀.

Ògiri kíkùn niṣẹ́ mi. Mo ti kun ti ilé ìwé, mo ti kun ti ilé oúnjẹ, obìnrin ló sì máa ń wà nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n n kì í ya ojú. Màá fi gèlè bò ó, tàbí kí n jẹ́ kó kẹ̀yìn sẹ́ni tó ń wò ó. Láti ilé-kéú ni wọ́n ti kọ́ mi pé ẹni tó bá ya ohun ẹlẹ́mìí, lọ́jọ́ àjíǹde, wọn á ní kó fẹ́ ẹ̀mí sí i. Mo gba Ọlọ́run gbọ́, n kì í sì í fi ọ̀rọ̀ Rẹ̀ ṣeré. Síbẹ̀, àwọn obìnrin tí mò ń kùn yìí ń bi mí pé ojú àwọn dà.

Ọ̀nà Ìkirè la gbà. Mo ti jẹ dòdò tí mo rà tán ká tó dé Gbọ̀ngán.

Igbó náà tutù. Hẹ́kítà 75 ni, UNESCO sì ti kà á mọ́ ohun ìní gbogbo ayé láti 2005. Susanne Wenger, tí wọ́n bí ní Graz lórílẹ̀-èdè Ọ́síríà ní 1915, tí Ọ̀ṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ló kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jọ láti tún àwọn ojúbọ tó ń wó mọ. Ọ̀ṣogbo náà ló kú sí ní 2009. Mo mọ ìtàn yẹn tẹ́lẹ̀. Orúkọ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ni n kò fọkàn sí rí: Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, Kàsálí Àkàngbé, Ràbíù Abesu. Bùráímọ̀, Kàsálí, Ràbíù: orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe súnà ọmọ ládùúgbò wa nìyẹn! Mo dúró, mo ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo pẹ́ níwájú Ìyámọ̀pó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, tamọ̀kòkò, taláró. Òjò ti sọ sìmẹ́ǹtì rẹ̀ di dúdú níbì kan, ewédò níbòmíràn. N kò bọ ọ́, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì bà mí.

Ọ̀ṣogbo ìlú aró. N kò lè dé ibẹ̀ kí n má dé ìdí ìkòkò aró. Ìyá kan jókòó sórí àpótí, aṣọ funfun wà lórí tábìlì níwájú wọn. Mo ní, "Àrẹdú o, mà." Ojú wọn là, wọ́n ní ọmọ ta ni mí tí mo mọ̀ ọ́n kí. Ìyẹ́ adìyẹ ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á tì í bọ ẹ̀kọ láfún, wọ́n á nù ún sétí abọ́, wọ́n á wá fa ìlà tí kì í gbọ̀n. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní mu ún. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n dán an wò, tèmi wọ́. Wọ́n fọwọ́ wọn tó ti dú dé ọrùn ọwọ́ di tèmi mú, a jọ fà á. "Má tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ káṣọ gbà á fúnra ẹ̀."

Ládàánì pe ìrun Àsárì. Ìyá gbé ìyẹ́ sílẹ̀, wọ́n ṣàlùwàlá. Aró ò kúrò lọ́wọ́ wọn. A kírun lórí ẹní kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.

Lẹ́yìn sàlámà, mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń ya ohun ẹlẹ́mìí sáṣọ. Wọ́n ní ẹyẹ, ẹja, àkekèé, gbogbo rẹ̀ nìyá àwọn ń yà. "Ọlọ́run mọ̀ pé n kò bá Òun du ẹ̀dá dídá."

Nínú ọkọ̀ tí màá bá padà, kí èrò tó kún, mo yọ ìwé. Gèlè wọn ni mo kọ́kọ́ fà, mo fa imú, mo fa ẹnu. Mo ti fa ojú ọ̀tún, mo ń bọ̀ lórí tòsì, ni dẹ́rẹ́bà ṣáná sí ọkọ̀.