Àdúrà Tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Ọjọ́ Keje

Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí tí ìyá mi ti fi ayé sílẹ̀. Aláṣọ ni wọ́n ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn, ọmọ Ìjọ Àgùdà tọkàntọkàn sì ni wọ́n, irú ẹni tí ó máa ń ka Rósárì láàárín ìgbà tí oníbàárà kan lọ àti ìgbà tí òmíràn dé. Nígbà tí àwọn dókítà sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ọmú tí ó ń ṣe wọ́n ti ràn dé ẹ̀dọ̀, èmi àti àwọn àbúrò mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ nófénà sí Júúdù Mímọ́, Àpọ́sítélì tí àwa Kátólíìkì máa ń ké pè nígbà tí gbogbo ọ̀nà bá ti dí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a máa ń fi ka nófénà. A kà á tán lẹ́ẹ̀kan, a sì tún un bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ keje ìgbà kejì yìí, ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá mi dákẹ́. Mo pa ìwé àdúrà náà dé, mo fi í sínú àpótí aṣọ wọn, n kò sì ka ti ọjọ́ kẹjọ àti ti ọjọ́ kẹsàn-án.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà níbi tí mo wà nígbà yẹn ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lọ sí Míísà nítorí pé bàbá yín yóò bèèrè, tí ẹ ń dìde pẹ̀lú ìjọ nígbà Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n tí ohùn kò jáde lẹ́nu yín. N kì í ṣe olùkọ́ ẹ̀sìn. Ohun tí ojú mi rí ni mo lè sọ.

Ọ̀rọ̀ ìtùnú kan wà tí ó dùn mí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀fọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan tí kì í ṣe ọmọ Ìjọ wa wá kí mi, ó jókòó tì mí, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé bóyá ìgbàgbọ́ wa ni kò tó, àti pé àtúnwí asán ni Rósárì tí a ń kà. Kò ní ibi lọ́kàn. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọjọ́ tí mo sùn lórí àdúrà, àti iye ọjọ́ tí ẹnu mi ń wí pé "Mo kí ọ, Màríà" nígbà tí ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́, mo sì dá ara mi lẹ́bi bí ẹni pé ọwọ́ mi ni ìyá mi kú sí. Láàárín wa lónìí, ẹ̀rí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń díwọ̀n àdúrà: ẹni tí ó rí físà gbà, ẹni tí ó bímọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹni tí ó yọ nínú ìjàǹbá ọkọ̀, àwọn wọ̀nyí ni a máa ń pè síwájú láti sọ ohun tí Olúwa ṣe. A kì í pe ẹni tí ó gbàdúrà títí, tí ó sì wá sin ẹni tí ó ń gbàdúrà fún. Ó dá mi lójú pé bí a kò ṣe ń pè wọ́n yẹn ti lé ọ̀dọ́ púpọ̀ jìnnà sí ìgbàgbọ́ ju iyàn èyíkéyìí tí aláìgbàgbọ́ lè bá wọn jà lọ, nítorí pé ó ń sọ fún ọlọ́fọ̀ pé kò sí ààyè fún un nínú ilé Ọlọ́run.

Lẹ́yìn ìsìnkú, orí ni mo fẹ́ fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ní alaalẹ́ ni mo ń wo fídíò àwọn tí ó ń jiyàn pé Ọlọ́run wà àti ti àwọn tí ó ń jiyàn pé kò sí, tí mo sì ń kọ kókó ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí ẹni tí ó ń múra ìdánwò. N kò sọ pé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò dára. Ìjọ Kátólíìkì kò bẹ̀rù ìbéèrè, Augustine àti Thomas Aquinas, àwọn Ẹni Mímọ́ tí wọ́n jẹ́ ọ̀mọ̀wé ńlá nínú Ìjọ, sì bèèrè ìbéèrè títí ọjọ́ ayé wọn. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà kọjá kí n tó mọ̀ pé èyí tí ó tọ̀nà jù lọ nínú àwọn ìdáhùn náà kò kan ibi tí ó ń dùn mí, nítorí pé ohun tí mo ń pè ní ìbéèrè ọgbọ́n, ọgbẹ́ ni. Nítorí náà, bí iyèméjì bá dé bá yín, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá orí ni ó ń bèèrè tàbí ọkàn ni ó ń sunkún. Bí ó bá jẹ́ orí ni, ẹ wá ìwé, ẹ wá kátíkísímù, ìwé ẹ̀kọ́ Ìjọ, ẹ wá fadá tí ó fẹ́ràn ìjíròrò. Bí ó bá jẹ́ ọkàn ni, ẹni tí yóò jókòó tì yín ni kí ẹ wá.

Oṣù mẹ́rìnlá ni n kò fi dé ibi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ, nínú Lẹ́ńtì, mo sọ fún fadá pé n kò mọ̀ bóyá mo ṣì gba Ọlọ́run gbọ́, mo sì ń retí ìbáwí. Orúkọ ìyá mi ni ó kọ́kọ́ bèèrè. Mo sọ ọ́, ó sì pè é lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ó fẹ́ rántí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fún mi ní iṣẹ́ ìrònúpìwàdà: kí n máa ka "Baba wa" lẹ́ẹ̀kan péré lálaalẹ́, díẹ̀díẹ̀, kí n sì dúró síbi ìlà tí n kò bá lè sọ láìpurọ́, ó ní bí mo bá ti dé ibẹ̀, àdúrà alẹ́ ọjọ́ náà parí nìyẹn. Ibi "Ìfẹ́ tìrẹ ni kí á ṣe" ni mo máa ń dúró sí. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n kò fi kọjá ibẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan, ó ti rẹ̀ mí, mo ti ń bèèrè oúnjẹ òòjọ́ kí n tó mọ̀ pé mo ti kọjá ìlà náà. Kò sí ìmọ́lẹ̀ kan tí ó tàn, n kò sì rí ìdáhùn kankan sí ikú ìyá mi. Mo kàn rí i pé ẹnu mi ti kọjá ibi tí ọkàn mi há sí, àti pé ọkàn náà ń tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ọdún yẹn, nígbà tí a ń bá Jésù ṣọ́nà níwájú Sákírámẹ́ńtì, ìyẹn búrẹ́dì mímọ́ tí a gbà pé ó ti di Ara rẹ̀, mo ka orí kẹrìndínlọ́gbọ̀n Ìhìnrere Mátíù. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò tíì ṣàkíyèsí ẹsẹ kẹrìnlélógójì, níbi tí a ti sọ pé Jésù padà lọ gbàdúrà nígbà kẹta, tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ọmọ Ọlọ́run tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mẹta ní òru tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ẹnikẹ́ni kò sì lè pe ìyẹn ní àtúnwí asán. Ohun tí ó mú mi sunkún níbẹ̀ ni pé ó bẹ Baba pé kí ago náà ré òun kọjá, ago náà kò sì ré e kọjá. Ta ni yóò sọ pé ìgbàgbọ́ Jésù ni kò tó? Láti ọjọ́ náà ni mo ti yọ ẹ̀bi ikú ìyá mi kúrò lọ́rùn ara mi, n kò sì tún gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e kọ́ mi lọ́rùn mọ́.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ilé wa pẹ̀lú, nítorí mo rò pé ó wà lára ohun tí ó ń dí àwa ọmọ Yorùbá lẹ́nu nínú àdúrà. Wọ́n kọ́ wa pé a kì í wo ojú àgbà kí á sì fẹ̀sùn kàn án. Nítorí náà, nígbà tí inú bá ń bí wa sí Ọlọ́run, a óò dákẹ́, a óò máa kí i, a óò máa kì í, ìbínú náà yóò sì máa rà nísàlẹ̀ ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé kan náà ni ó kọ́ wa pé ọmọ tí nǹkan ń dùn lè kúnlẹ̀, kí ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí Ìwé Orin Dáfídì ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ ka Sáàmù 88. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹjọ́ ni, ọ̀rọ̀ tí ó sì parí rẹ̀ ni òkùnkùn. Kò sí ọpẹ́ níbẹ̀, kò sí "ṣùgbọ́n Olúwa dá mi lóhùn". Síbẹ̀ Ìjọ fi í sínú àdúrà ìparí ọjọ́ tí a máa ń gbà ní alẹ́ gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn fadá, àwọn sístà àti àwọn mọ́ńkì ń kà kí wọ́n tó sùn, yálà inú wọn dùn lọ́jọ́ náà tàbí kò dùn. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo rí i pé mo lè máa sunkún kí n sì dojú kọ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tí ó wá di ọ̀rẹ́ mi jù nínú àwọn Ẹni Mímọ́ ni Thérèse ti Lisieux. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tí ó wọ ilé àwọn obìnrin Kámẹ́lì, àwọn sístà tí àdúrà jẹ́ olórí iṣẹ́ wọn, ní ilẹ̀ Faransé ní 1888, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì pa á ní 1897, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó ni a máa ń rí, nítorí náà mo rò pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ dùn bí oyin. Irọ́ ni. Láti ìgbà Àjíǹde 1896 títí ó fi kú, òkùnkùn bo ọkàn rẹ̀, débi pé èrò pé ọ̀run wà, èyí tí ó ti jẹ́ adùn rẹ̀ láti kékeré, di ìjàkadì fún un. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé nígbà tí òun bá ń kọrin nípa ayọ̀ ọ̀run, òun kò ní ayọ̀ kankan nínú rẹ̀, ohun tí òun fẹ́ gbà gbọ́ ni òun kàn ń kọ lórin. Ó fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kọ Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, ó sì ń gbé e káàkiri. Ó tún jẹ́wọ́ pé òun máa ń sùn lórí àdúrà, ìyẹn kò sì bà á lẹ́rù, nítorí pé òbí fẹ́ràn ọmọ tí ó sùn bí wọ́n ṣe fẹ́ràn èyí tí ó lajú. Obìnrin yìí ni Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì pè ní Olùkọ́ Ìjọ ní 1997, oyè tí a fi ń dá Ẹni Mímọ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe gbogbo Ìjọ láǹfààní lọ́lá. Nígbà tí mo mọ èyí, mo rántí gbogbo oorun tí mo sùn lórí nófénà ìyá mi, ara sì tù mí.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú: ẹ má fi Míísà sílẹ̀ nítorí pé ẹ kò ní ìmọ̀lára kankan. Kí a tó fún ara wa ní àlàáfíà, fadá máa ń bẹ Jésù pé kí ó má ṣe wo ẹ̀ṣẹ̀ wa, bí kò ṣe ìgbàgbọ́ Ìjọ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ Ìjọ ni ó wí. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ Àìkú, lórí ìgbàgbọ́ ìyá àgbà tí ó jókòó níwájú mi ni mo gbé ara lé. Ìtàn àwa Àgùdà ní Èkó gan-an ti irú ìfaradà bẹ́ẹ̀ wá. Nígbà tí Fadá Francesco Borghero dé ibẹ̀ ní 1863, kò sí fadá kankan tí ó ń gbé ìlú náà. Ọkùnrin kan tí ó ti gba òmìnira kúrò lóko ẹrú, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Pa Antonio, ni ó ń kó àwọn tí ó padà bọ̀ láti Bràsíì jọ fún àdúrà. Ọdún 1868 ni àwọn fadá tó wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti rí ohun tí ó burú ju èyí tí èmi rí lọ, láìsí Míísà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò dẹ́kun àtimáa pàdé.

Ní ti bí mo ṣe ń gbàdúrà nísinsìnyí, kò pọ̀. Ẹ̀wá Rósárì kan, ìyẹn "Mo kí ọ, Màríà" mẹ́wàá, láàárọ̀ nínú ọkọ̀, "Baba wa" lálaalẹ́, Sáàmù ní ọjọ́ Ẹtì. Iyèméjì ṣì máa ń dé, pàápàá ní òru. Nígbà náà, mo máa ń yá ọ̀rọ̀ bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn nínú Ìhìnrere Máàkù lò: "Mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́."

Ní ọdún tí ó kọjá, ní ọjọ́ kejì Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ tí Ìjọ máa ń rántí gbogbo àwọn olóòótọ́ tí ó ti kú, mo ṣí àpótí aṣọ ìyá mi, mo sì mú ìwé nófénà náà jáde. Àwọn àbúrò mi wá jókòó tì mí. A bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kẹjọ. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ìwé sọ pé kí á dárúkọ ohun tí a ń bèèrè. Níbẹ̀ ni a ti máa ń sọ nígbà náà pé kí ara wọn yá. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́ nígbà tí a dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, àbúrò mi kékeré pe orúkọ wọn, èmi náà pè é, a sì ka èyí tí ó kù.