Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Ihò Etí Mi Ti Là

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Ó pé ọ̀sẹ̀ 6 lónìí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí etí ọ̀tún mi ní Ilé-Ifẹ̀ níbí.

Egbò tó ń jinná, tó ń tún yọ, ló fi àpá dí ihò etí náà títí tó fi fún pinpin. N kò ní purọ́, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é: ìyẹ́ adìẹ ni mo fi ń ro etí láàárọ̀, ìdérí bírò lálẹ́. Ẹni tó ń ka èyí tí ìyẹ́ wà létí rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kó yọ ọ́. Àwọn kan ní ayé ló dí i. Àwọn mìíràn ní kí n rọ àdí gbígbóná sí i. Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹni tó ní mo ti ń gbéraga, pé òun kí mi ní àdúgbò Lágere, n kò dáhùn.

Dókítà ṣàlàyé pé wọn yóò gba ẹ̀yìn etí wọlé, wọn yóò gé àpá náà kúrò, wọn yóò sì fi ẹ̀rọ kékeré họ díẹ̀ lára egungun, ṣùgbọ́n pé iṣan tó ń mú ojú rẹ́rìn-ín kọjá nítòsí ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣan yìí ni mo gbé sùn. Nígbà tí mo jí, wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín; mo rẹ́rìn-ín, ẹnu mi sì wọ́ sí apá kan. Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti sùn lórí ẹní nítorí mi láti àná, kò sunkún níṣojú mi. Etí aṣọ ìró rẹ̀ ló ń ká, tó ń tú. Dókítà ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa ibẹ̀ kú ló ràn mọ́ iṣan náà, pé yóò tú kí ilẹ̀ tó ṣú. Wákàtí 3 gbáko ni mo fi ń wo ara mi nínú fóònù, kí ètè mi tó gbéra papọ̀. Igbe tí ẹ̀gbọ́n mi ké, nọ́ọ̀sì méjì ló sáré dé. Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run ni yóò san án fún yín.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 ni wọ́n fa aṣọ tí wọ́n fi dí ihò náà jáde, ó gùn bí okùn, ó sì ń rùn. Ìró tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ti bàtà nọ́ọ̀sì tó ń wọ́ nílẹ̀. Omi kò tíì gbọdọ̀ kàn án, mo sì ń lọ fún àyẹ̀wò nítorí pé ó lè tún fún.

Ẹni tó bá tún kí mi ní Lágere tí n kò dáhùn, kí ó mọ̀ pé mo gbọ́.